Ẹjọ́ Elékòó ní Ọ̀yọ́ àti Àwọn Ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí a Lé Kúrò ní Ghana

Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ odidi gbólóhùn tó di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ náà ni kòtẹ́milọ́rùn. Kò ṣòro fún wọn láti tú u palẹ̀: kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí wọn kì í tètè kíyè sí ni pé ẹnu ẹni tí a ti dá lẹ́bi ni gbólóhùn náà ti jáde. Yorùbá kò fi orúkọ adájọ́ pe ilé-ẹjọ́ náà, ohùn ẹni tí ìdájọ́ kò dùn mọ́ ni ó fi pè é. A kò sì lè wí pé kò tẹ́ wa lọ́rùn àfi bí ẹnì kan bá wà tó jẹ́ dandan fún un láti gbọ́.

Àwọn ènìyàn tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kúrò níbi tí wọ́n ń gbé ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí. A gbé ẹnì kan wá sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1925. A lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 1969. Ẹni kan ṣoṣo yẹn rí adájọ́ tí yóò gbọ́ tẹnu rẹ̀, àwọn tó pọ̀ yẹn kò rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé kì í ṣe ipò ọba tí ẹni àkọ́kọ́ wà nìkan ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ìdí rẹ̀ tó jinlẹ̀ jù lọ wà nínú ìbéèrè kan: láàárín ìjọba àti ẹni tí a ń lé, ta ni ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá?

Kí á tó dé orí ẹjọ́, ó yẹ kí á rántí irú ìlú tí àwọn méjèèjì jẹ́. Ọ̀yọ́ òní kì í ṣe Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé tú láàárín ọdún 1830 sí 1840, Àgọ́-Ọ̀jà ni Àtìbà fi ṣe ibùjókòó Aláàfin, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn ló sì kún inú rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀ kò fọ́, nítorí náà ni àwọn ará ìlú tí ogun Fúlàní fọ́ ṣe rọ́ wọ inú odi rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, tilẹ̀ jẹ́ kí á mọ̀ pé Aláàfin pàápàá ti ṣe ogúnléndé rí. Onígbogí sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá nígbà tí àwọn Tápà ṣẹ́gun Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n kọ́kọ́ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó yá, onílé bẹ̀rẹ̀ sí í fojú pọ́n àlejò, Òfinràn sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Láyé ọjọ́un, kò sí ẹni tó dúró láàárín onílé àti àlejò. Bí onílé bá ti wí, abẹ gé e.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á lọ sí Èkó, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ẹni tí a gbé wá sí Ọ̀yọ́ ti wá. Èṣùgbàyí, ọmọ Dòsùnmú, jẹ Elékòó ní 1901. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti òun kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀rẹ́. Ọ̀rọ̀ owó omi ẹ̀rọ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ oyè àwọn Mùsùlùmí náà dá òmíràn sílẹ̀. Ní 1920 ni ọ̀ràn wá burú. Herbert Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí London nítorí ẹjọ́ ilẹ̀, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó dání. Ó sọ ohun kan níbẹ̀ nípa ipò Elékòó tí ìjọba kò fẹ́. Ìjọba ní kí Elékòó sẹ́ Macaulay ní gbangba, kí agogo ké e káàkiri ìlú. Èṣùgbàyí kọ̀. Ìjọba sì ní òun kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, apá kan nínú ìdílé ọba wí pé àwọn ti rọ Èṣùgbàyí lóyè. Ìjọba fọwọ́ sí i, ó sì pàṣẹ pé kí ó fi Èkó sílẹ̀. Kò lọ. Wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kẹjọ oṣù náà. Ọ̀yọ́ ìgbà náà wà lọ́wọ́ Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládígbòlù Kìíní, Ajẹ́lẹ̀ Ross sì wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ Aláàfin ni. Ẹni tó bá mọ bí Ross ṣe lágbára tó ní agbègbè Ọ̀yọ́ yóò mọ̀ pé Èkó kò lè ráyè kó àwọn èrò rẹ̀ wá síbẹ̀ láti wá pariwo. Ọba Yorùbá kan di àlejò tipátipá ní ìlú ọba Yorùbá mìíràn.

Òfin tí ìjọba dì mú ni òfin ọdún 1917 lórí mímú àwọn olóyè tí a rọ̀ lóyè kúrò nílùú. Ó yẹ kí á fara balẹ̀ wo òfin yìí, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Kò wí pé Gómìnà lè lé ẹnikẹ́ni tí kò bá wù ú. Ó ní kí ẹni náà jẹ́ olóyè ìbílẹ̀. Kí ó jẹ́ pé a ti rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́. Kí ó sì jẹ́ pé àṣà àti òfin ìbílẹ̀ ló ní kí ẹni tí a bá rọ̀ lóyè kúrò ní ìlú náà. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, Gómìnà lè pàṣẹ.

Àwọn agbẹjọ́rò Èṣùgbàyí lọ bá adájọ́ ní Èkó, wọ́n bèèrè fún ìwé àṣẹ tí àwọn amòfin ń pè ní habeas corpus. Ohun tí ìwé yìí ń sọ fún ẹni tó di ènìyàn mú kò ṣòro: gbé e wá síwájú adájọ́, kí o sì wí òfin tí o fi dì í mú. Adájọ́ kọ̀. Wọ́n tún lọ bá adájọ́ mìíràn. Ìyẹn ní ẹjọ́ náà ti parí lọ́dọ̀ ẹnì kejì òun, òun kò ní gbọ́ ọ. Ọ̀ràn yìí ló kọ́kọ́ la òkun kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọba ní London, èyí tí a mọ̀ sí Privy Council.

Ní 1928, Ìgbìmọ̀ náà dá a láre. Lọ́ọ̀dù Hailsham ni ó sọ̀rọ̀ fún wọn. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí a dì mú lè ti ọ̀dọ̀ adájọ́ kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ fúnra rẹ̀, kì í ṣe kí ó fi ìdájọ́ ẹlòmíràn bojú. Ẹ wo bí èyí ti jìnnà tó sí ti ilẹ̀ Ìbàrìbá! Ẹni tí a lé lè wí pé kò tẹ́ mi lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún un wí, kí ó sì tún un wí. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún ọ̀rọ̀ ara wọn rò nígbà tó yá: òfin tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ tiwọn ní 1960 ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbé wá lórí ìdí kan náà àfi bí ó bá rí ẹ̀rí tuntun.) Ọdún yẹn náà ni ìwé ìròyìn Macaulay, Lagos Daily News, gbé àhesọ kan jáde pé wọ́n ń gbèrò láti pa Elékòó lójú ọ̀nà bí ó bá ń padà bọ̀ wálé. Ilé-ẹjọ́ rán Macaulay lẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Bí Èkó ṣe ń retí ọba rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ náà padà sí Èkó, wọ́n tún dá Elékòó lẹ́bi, ó sì tún padà sí London. Ìdájọ́ ọdún 1931, èyí tí Lọ́ọ̀dù Atkin kọ, ni àwọn amòfin ń tọ́ka sí títí di òní. Ó ní aláṣẹ ìjọba kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ẹni tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ìjọba ti ń wí pé bí Gómìnà bá ti fọwọ́ sí ìwé, ó parí. Atkin ní kò parí. Ṣé olóyè ni ọkùnrin yìí? Ṣé wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́? Ṣé àṣà ló ní kí ó lọ? Ilé-ẹjọ́ ni yóò wádìí èyí, kì í ṣe Gómìnà.

Ìbéèrè kẹta yẹn ni ó yẹ kí ó dùn mọ́ àwa olùkọ́ Yorùbá jù lọ. Àwọn kan ti jẹ́rìí pé láyé àtijọ́, ikú ni ó kan ọba tí ìlú bá kọ̀, pé lílé e kúrò nílùú jẹ́ ìrọ̀rùn tí ayé ọ̀làjú mú dé. Atkin fèsì pé adájọ́ kò ní agbára láti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ àṣà líle di àṣà rírọ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ìlú fúnra wọn gbà ní àṣà nìkan ni àṣà, ì báà le, ì báà rọ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọ̀yọ́ mọ̀ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ikú yẹn: Aláàfin tí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ̀ kì í lọ gbé ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n ìtàn Èkó kò bá ti Ọ̀yọ́ mu. Akíntóyè kúrò ní Èkó ní 1845, ó sì padà wá jọba. Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní 1851, ó sì padà wá gbé ìlú náà ní 1862. Lójú tèmi, àwọn tó fẹ́ fi àṣà lé Èṣùgbàyí jáde ń kó àṣà ìlú kan bọ ìlú mìíràn lọ́rùn. Irú àṣìṣe yìí pọ̀ nínú ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà, tí wọ́n ń kọ “àṣà Yorùbá” bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo wa ti wá.

Donald Cameron dé gẹ́gẹ́ bí Gómìnà ní 1931, ó sì jẹ́ kí Èṣùgbàyí padà sílé. Ọdún mẹ́fà ni ó lò ní Ọ̀yọ́. Ó kú ní 1932.

Ìdájọ́ Atkin jẹ́ òfin ní Gold Coast náà, nítorí Ìgbìmọ̀ kan náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ilẹ̀ méjèèjì. Ó yẹ kí á ti ibẹ̀ lọ sí Kumasi ọdún 1957, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí Ghana gba òmìnira. Ìjọba Nkrumah pàṣẹ pé kí Alhaji Amadu Baba, olórí Zongo Kumasi, àti Alhaji Othman Larden kúrò nílùú lọ sí Nigeria. Àwọn méjèèjì ní ọmọ Ghana ni àwọn, wọ́n sì lọ sílé-ẹjọ́. Kí adájọ́ tó parí iṣẹ́ rẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sáré ṣe òfin kan tó dárúkọ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n máa lọ. A fi ọkọ̀ òfuurufú gbé wọn lọ sí Kano ní oṣù kẹjọ. Ọ̀nà tuntun nìyí. Atkin ní kí ìjọba fi òfin hàn. Ìjọba ní ó dára, òfin náà rè é, àná ni a ṣe é. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Ghana nígbà náà lè má ka ọ̀rọ̀ yìí sí tiwọn, nítorí pé ìjà òṣèlú ni wọ́n rí i sí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń bá ilẹ̀ yẹn ṣòwò tipẹ́. Kí ọ̀rúndún ogún tó lọ jìnnà, àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà ní Kumasi, ní Tamale, ní Yendi, ní Bawku, pẹ̀lú àwọn ará Ọ̀ffà, Ìlọrin, Èjìgbò, Ṣakí àti Ọ̀yọ́. Aṣọ, abẹ́rẹ́, fìtílà, àwo, gbogbo ohun wẹ́wẹ́ tí ilé ń lò ni wọ́n ń tà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ti ọjà oko kan bọ́ sí òmíràn. Alata ni àwọn ará Ghana ń pè wọ́n. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n gbé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé Yorùbá ni èdè ìsìn nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn wọn. Nígbà ìkànìyàn ọdún 1960, Yorùbá tó wà ní Ghana lé ní 100,000. Owó ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kọ́ ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́, láìròtẹ́lẹ̀ pé ọjọ́ kan yóò dé tí ilé náà nìkan ni yóò kù wọ́n kù.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò. Òfin ọdún 1963 ti béèrè ìwé yìí tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fi dá àwọn oníṣòwò wẹ́wẹ́ láàmú. Ọjọ́ mẹ́rìnlá péré! Ẹni tí yóò gba ìwé ìgbélùú ní láti kọ́kọ́ ní ìwé ìrìnnà, ẹni tó sì ti Nigeria wọlé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ń ṣàkóso ilẹ̀ méjèèjì kò ní ìdí kankan láti ní in. Wọ́n ta ọjà ní àtàgbé. Àwọn tó jẹ wọ́n lówó sì mọ̀ pé ọjọ́ ìsanwó kò ní dé mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gba Togo àti Dahomey, tí a mọ̀ sí Benin lónìí, padà wá sílé.

Irú ilé wo ni wọ́n bá? Ọdún yẹn náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọ̀dé nínú rògbòdìyàn owó orí tó gba agbègbè Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kan. Ní Ọ̀yọ́, ìtẹ́ Aláàfin ṣófo láti 1968 tí Gbádégẹṣin Ládígbòlù Kejì ti wàjà. Ogun abẹ́lé ṣì ń jà ní ìlà-oòrùn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí ọba tàbí ìjọba ilé bá òun sọ̀rọ̀ ní Accra, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á gbé ìbéèrè Atkin ka iwájú àṣẹ Busia. Òfin ìjẹ́-ọmọ-ìlú Ghana ti ọdún 1957 ní ẹni tí a bí síbẹ̀ ṣáájú òmìnira, tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan náà jẹ́ ẹni tí a bí síbẹ̀, ọmọ Ghana ni. Nígbà tí yóò fi di 1969, a kò lè ṣàìrí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn tí ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, tí ilà Ògbómọ̀ṣọ́ wà lójú bàbá wọn. Bí ó bá ṣe ti Elékòó ni, ìjọba ni ì bá fi hàn pé àjèjì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n a yí ọ̀rọ̀ padà: oníṣòwò ni kí ó fi hàn pé òun kì í ṣe àjèjì, nígbà tí ìyá rẹ̀ bí i sẹ́yìn ọjà Tamale láìsí ìwé ọjọ́-ìbí. Ní 1972, nínú ẹjọ́ Shalabi, ilé-ẹjọ́ gíga Ghana dá ẹni tó ti ìdílé àwọn ará Lebanon wá láre pé ọmọ Ghana ni. Ó ní agbára àti gba agbẹjọ́rò, ó sì wà níbẹ̀ láti pe ẹjọ́. Àwọn tiwa ti pé ọdún méjì nílé nígbà náà.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni ọdún 1969 yẹn fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Addis Ababa lórí ọ̀ràn àwọn ogúnléndé. Ní Britain, ọdún náà ni wọ́n ṣe òfin tó fún àwọn tí a kò jẹ́ kó wọlé ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í ṣe ogúnléndé, Tamale kì í sì í ṣe Britain.

Àwa náà kò gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ òsì júwe ilé ẹlòmíràn. Ní oṣù kìíní ọdún 1980, ìjọba Ṣàgàrí gbé Shugaba Abdurrahman Darman, olórí ọmọ ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Borno, jù sí ilẹ̀ Chad, wọ́n ní ará ibẹ̀ ni. Olóyè G. O. K. Àjàyí bá a rojọ́ ní Maiduguri. Adájọ́ Adefila ní ọmọ Nigeria ni Shugaba, ó sì ní kí ìjọba san ₦350,000 fún un. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín owó náà kù sí ₦50,000, ṣùgbọ́n ó fi ìdájọ́ náà múlẹ̀. Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Ṣàgàrí yìí kan náà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò. Àwọn tó lọ lé ní mílíọ̀nù kan, ará Ghana ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ti 1969 ni a san padà, ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ tilẹ̀ bára mu. Ní oṣù kejì ọdún náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Britain sọ nínú ẹjọ́ Khawaja pé bí ìjọba bá wí pé ẹnì kan wọlé lọ́nà àìtọ́, ìjọba ni kí ó fi hàn. Ohùn Elékòó ni a tún gbọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ibi ìsádi lónìí kò sí ní ipò Elékòó pátápátá. Nínú ọ̀ràn tirẹ̀, òun ni òfin ní kí ó fi hàn pé ewu wà níbi tí òun ti sá wá. Nígbà tí Nigeria ṣe òfin tirẹ̀ lórí àwọn ogúnléndé ní 1989, ó dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, ó sì dá ìgbìmọ̀ kejì tí ẹni tí a kọ̀ lè lọ bá. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ti pọ̀ lónìí, ilé-ẹjọ́ pàtàkì wà fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn sì wà lókè rẹ̀. Abẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìjọba ni adájọ́ ibẹ̀ wà. Ìjọba kì í san owó agbẹjọ́rò fún ẹni tí kò ní. Ẹni náà yóò dìde níwájú adájọ́, ògbufọ̀ yóò máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Yóò sọ ibi tí ó ti sá wá àti ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí ó bá parí, wọn yóò bi í ní ìbéèrè tí wọ́n bi oníṣòwò Tamale ní 1969: ìwé rẹ dà?